Nípa Fọ́tò Ìkògòsì Tí Ẹ Ń Pín Kiri

  Ọ̀rọ̀ tòní máa gùn díẹ̀. Ẹni tí ọbẹ̀ rẹ̀ wà lórí iná, kó kọ́kọ́ lọ sọ̀ ọ́ kalẹ̀ ná.

Ẹ ti rí àwọn fọ́tò tí àwọn ọ̀dọ́ wa gbé síta lẹ́yìn ìrìn-àjò wa sí Ìkògòsì. Fọ́tò mẹ́rìndínlógún ni. Mẹ́ẹ̀ẹ́dógún nínú wọn, kò sẹ́ni tó sọ nǹkan kan sí i ju "ẹ kú ìgbádùn" lọ. Ẹyọ kan tó kù, èyí tí arákùnrin wa kan kọ ẹ̀yìn sí kámẹ́rà nínú omi, tí gbogbo ayé rí ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀, òun ló di ọ̀rọ̀. Láàárín ọjọ́ méjì ó ti dé ọ̀dọ̀ àwọn ìjọ tí a ò bá ṣe nǹkan pọ̀ rí. Wọ́n pè wá láti Ìlọrin. Ẹnì kan pè láti London, ó ní, "Dádì, ṣé ìjọ wa náà ti ń gba àwọn onítáátù ni?" Àgbà méjì nínú ìgbìmọ̀ ìjọ kọ lẹ́tà sí wa. Tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ ni wọ́n kọ ọ́, wọ́n ní kí a ṣe òfin pé ẹni tó bá ní táátù lára kò gbọdọ̀ ṣiṣẹ́ nínú ilé Ọlọ́run: kò gbọdọ̀ kọrin, kò gbọdọ̀ ṣe ọ́ṣà, kò gbọdọ̀ gbé àpò ọrẹ.

A ti dá àwọn àgbà lóhùn lójúkojú. Ṣùgbọ́n nígbà tó jẹ́ pé gbangba ni fọ́tò náà ti rìn, gbangba náà ni ká ti sọ̀rọ̀ rẹ̀. A gba àṣẹ lọ́wọ́ arákùnrin náà ká tó kọ ohun tí ẹ fẹ́ kà yìí. Ohun kan ṣoṣo tó bẹ̀ wá ni pé ká má dárúkọ òun, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹni tó mọ̀ ọ́n ti mọ̀ ọ́n.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ sọ ibi tí a lọ, torí àwọn kan ń sọ pé odò òrìṣà ni pásítọ̀ kó ọmọ Ọlọ́run lọ. Ìkògòsì wà ní Èkìtì, nínú ìjọba ìbílẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn Èkìtì, láàárín òkè àti igbó. Ìsun omi méjì ló wà níbẹ̀, ọ̀kan lọ́ wọ́ọ́wọ́, èkejì tutù nini. Kálukú ló ní orísun tirẹ̀, ṣùgbọ́n wọn ò jìnnà síra. Wọ́n á ṣàn wá, wọ́n á pàdé, wọ́n á di ọ̀kan, wọ́n á máa bá ọ̀nà wọn lọ. Níbi ìpàdé yẹn, ẹ lè ki ẹsẹ̀ ọ̀tún bọ inú èyí tó gbóná kí tòsì wà nínú èyí tó tutù. Àwọn ọmọ kéékèèké tí a kó dání pariwo títí ohùn wọn fi há.

Ìtàn tí wọ́n ń sọ níbẹ̀ ni pé ọkọ kan ló fẹ́ ìyàwó méjì, ọ̀kan onínúfùfù, ọ̀kan oníwà tútù. Wọ́n bára wọn jà títí wọ́n fi di omi, ọkọ wọn sì di òkè tó dúró tì wọ́n. Ìtàn ni. Ẹ̀yin ọkọ tí ẹ ń kà á, ẹ ti gbọ́ o. Àwọn tó mọ̀ nípa àpáta ní tiwọn sọ pé omi òjò ló ń gba ojú pàlàpálá àpáta wọnú ilẹ̀ lọ jìnnàjìnnà, dé ibi tí inú ilẹ̀ ti gbóná, kó tó tún rú jáde. Ẹni tó dá àpáta náà ló dá iná abẹ́ rẹ̀, àwa ò rí ìjà nínú ìyẹn.

Ní ti ìgbóná rẹ̀, ẹ ṣọ́ra fún àsọdùn. Ẹ máa gbọ́ pé ó tó 70 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Omi tó bá gbóná tó 70, á bó ènìyàn lára bí adìyẹ tí wọ́n fẹ́ tu ìyẹ́ rẹ̀. Àwọn onímọ̀ tó wọ̀n ọ́n rí nǹkan bíi 38, ìyẹn ni pé díẹ̀ báyìí ló fi gbóná ju ara ènìyàn lọ. Ìyẹn gan-an ló jẹ́ kó dùn ún wọ̀. Tí ẹ bá dúró jẹ́ẹ́ nínú rẹ̀, ẹ ò ní mọ ibi tí ara yín parí sí àti ibi tí omi ti bẹ̀rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ òrìṣà wá ńkọ́? Òyìnbó ajíhìnrere kan láti Amẹ́ríkà, John McGee, ti ìjọ Onítẹ̀bọmi, ló kọ́kọ́ tún ibẹ̀ ṣe ní 1952, tí wọ́n fi sọ ọ́ di àgọ́ fún àwọn ọ̀dọ́. Wọ́n ti ń gbàdúrà, wọ́n ti ń kọrin níbẹ̀ kí wọ́n tó bí ọ̀pọ̀ nínú àwa tí a ń sọ̀rọ̀ yìí. Lẹ́yìn náà ni ìjọba sọ ọ́ di ibi ìgbafẹ́, wọ́n sì tún un ṣe dáadáa nígbà tí Kayode Fayemi kọ́kọ́ jẹ gómìnà. Omi Gossy tí ẹ ń rà nínú ìgò, ibẹ̀ náà ni wọ́n ti ń rọ ọ́. Ìyẹn ni pé ẹ ti ń mu Ìkògòsì tipẹ́, ẹ ò kàn tíì wẹ̀ ẹ́ ni. Ẹ̀fọ̀n-Aláayè, níbi tí wọ́n sin Àpọ́sítélì Joseph Ayọ̀ Babalọlá sí lẹ́yìn tó sùn nínú Olúwa ní 1959, kò jìnnà síbẹ̀ rárá. Ó tó gẹ́ẹ́ lórí ìyẹn.

Bọ́ọ̀sì méjì la gbà. A kúrò ní Malete ní agogo márùn-ún ìdájí, a gba Ìlọrin, a gba Ajàṣẹ́-Ìpo àti Òmù-Àrán, a já sí Èkìtì. Ọ̀nà náà ní ibi tó dára, ó sì ní ibi tó jẹ́ àdúrà la fi kọjá. Ogójì ènìyàn ni wá: àwọn akẹ́kọ̀ọ́ KWASU ló pọ̀ jù, àwọn ìyá díẹ̀, alàgbà mẹ́ta, àti ìyá ìjọ tó gbé ìkòkò ìrẹsì sí ẹsẹ̀ ara rẹ̀ láti Malete dé Èkìtì, tí kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá òun gbé e.

Nígbà tí a débẹ̀, àwọn ọkùnrin bọ́ ẹ̀wù, wọ́n fi ṣòkòtò péńpé wọ omi. Arákùnrin yìí nìkan ló jókòó sórí òkúta pẹ̀lú ẹ̀wù ọlọ́wọ́ gígùn lọ́rùn rẹ̀, nínú oòrùn Oṣù Kejì. Ẹ̀yin tí ẹ máa ń jókòó nítòsí rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì mọ ẹ̀wù náà. Ọdún kan ààbọ̀ tó ti wà láàárín wa, ẹ ò rí apá rẹ̀ rí. Ooru Malete kì í ṣeré, ẹ̀yin náà mọ̀, pàápàá kí òjò tó bẹ̀rẹ̀. Síbẹ̀ ọlọ́wọ́ gígùn ló ń wọ̀, òógùn á máa ṣàn lójú rẹ̀ láti orin ìyìn títí dé ìkìlọ̀. Àwa mọ ìdí rẹ̀. Ó ti sọ fún àwa àti ìyá ìjọ láti ọ̀sẹ̀ kìíní tó dé.

Ọmọ ọdún 19 ni nígbà tí ìyá rẹ̀ kú ní Èkó. Òun nìkan ni màmá náà bí. Ó ní nígbà tí wọ́n sin ín tán, tí àwọn ẹbí pín ẹrù, kò sí ohun kan tó kan òun tí òun lè mú dání. Aṣọ lọ, ẹ̀gbà ọrùn lọ, àwo lọ, fóònù tí fọ́tò màmá wà nínú rẹ̀ bá wọn lọ. Ló bá kó owó tó kù lọ́wọ́ rẹ̀, ó lọ bá ẹni tó ń ṣe táátù, ó ní kó kọ orúkọ ìyá òun sí òun lẹ́yìn, níbi tí ẹnikẹ́ni ò ti ní lè gbà á lọ́wọ́ òun mọ́. Orúkọ náà ni, oríkì rẹ̀ nísàlẹ̀, àti ọjọ́ tó kú. Ohun tí ẹ rí nínú fọ́tò nìyẹn. Kì í ṣe ejò bí ẹnì kan ṣe kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀. Ẹ fẹ̀ ẹ́ lójú fóònù yín, lẹ́tà ni. Ti apá rẹ̀ ni àwòrán, kìnnìún ni. Òun àti àwọn ọ̀rẹ́ ló jọ ṣe ìyẹn lọ́dún tó tẹ̀lé e, ó sì ní òun ò fẹ́ràn rẹ̀ mọ́ rárá.

Lọ́dún tó kọjá, ọmọ kíláàsì rẹ̀ kan ṣe ọjọ́ ìbí ní hòtẹ́ẹ̀lì kan, gbogbo wọn sì fẹ́ wẹ̀ nínú adágún ibẹ̀. Bó ṣe bọ́ ẹ̀wù báyìí, ẹ̀ṣọ́ ní kó jáde, ó ní, "A kì í gba irú yín níbí." Níwájú gbogbo ènìyàn o. A ò ní dárúkọ hòtẹ́ẹ̀lì náà, kò sí èrè kankan níbẹ̀. Láti ọjọ́ yẹn ni ọmọ yìí ò ti bọ́ ẹ̀wù níta mọ́.

Ní Ìkògòsì, a rí i tó dìde lórí òkúta, tó lọ bá ọkùnrin tó ń mójú tó omi, tó sọ nǹkan sí i létí. Ó fa apá ẹ̀wù rẹ̀ sókè díẹ̀ fi hàn án. Ọkùnrin náà wò ó, ó rẹ́rìn-ín, ó dá a lóhùn tí gbogbo wa gbọ́: "Bọ̀ọ̀dá, omi ò mọ̀wé kà. Ẹ wọlé. Ẹ sáà má gbé ọṣẹ wọbẹ̀."

Ó bọ́ ẹ̀wù. Ó wọ omi.

Alàgbà kan ti wà nínú omi náà tẹ́lẹ̀. Bó ṣe rí ẹ̀yìn ọmọ yìí, ó jáde. Kò pariwo, kò bú ẹnikẹ́ni. Ó kàn jáde ni, ó fi tówẹ́ẹ̀lì bora, ó lọ jókòó sábẹ́ igi, ẹni méjì sì tẹ̀lé e. Gbogbo ibẹ̀ pa lọ́lọ́. Ẹ̀yin tí ẹ ti wà níbi tí ìdákẹ́jẹ́ẹ́ ti wúwo ju ariwo lọ, ẹ mọ bó ṣe ń rí. Ọmọ náà ti ń wo ibi tó kó ẹ̀wù rẹ̀ sí.

Màmá kan wà láàárín wa, ọmọ Ṣàó, ó ti lé ní ọgọ́rin ọdún, ọjọ́ Awọ̀n ni wọ́n gbé e níyàwó nígbà náà lọ́hùn-ún. Etí omi ló jókòó sí, ó ró ìró mọ́ àyà, ó da ìborùn bo èjìká, ẹsẹ̀ rẹ̀ nìkan ló ki bọ omi. Màmá ká ìborùn náà kúrò lára, ó gbé e fún ìyá ìjọ. Ẹ̀yin ará, àwa tí a ti jọ ń sìn pẹ̀lú Màmá fún ogún ọdún, a ò mọ̀. Láti èjìká dé ibi tí ìró bẹ̀rẹ̀, kóló ni. Ọnà kéékèèké, dúdú, wọ́n tò tẹ̀léra bí ipa ẹsẹ̀ ẹyẹ nínú iyẹ̀pẹ̀. Ó ti rọ̀ nítorí ọjọ́ orí, ṣùgbọ́n ó ṣì wà níbẹ̀ kedere.

Ó ní, "Ìwọ ọmọ yìí, dúró níbẹ̀. Èmi náà fín ara. Kò sẹ́ni tó fi tipátipá mú mi. Èmi ni mo ní kí wọ́n fín in fún mi kí n tó lọ sílé ọkọ, torí obìnrin tí ò bá lè fara da abẹ olóòlà, wọn á ní báwo ló ṣe fẹ́ fara da ìrọbí. Ọkọ mi fẹ́ràn rẹ̀. Ìgbà tí mo di ti Jésù, Ó bá a lára mi, kò sì ní kí n lọ bó o. Wá gbá mi lọ́wọ́ mú, kí n dé ibi tó jìn díẹ̀."

Ó gbá Màmá lọ́wọ́ mú, wọ́n sì jọ wọ̀ ọ́. Ẹ̀yìn àwọn méjèèjì ni ọ̀dọ́ tó ya fọ́tò yẹn yà. Ẹni tó kọ́kọ́ pín in síta ló gé Màmá kúrò. Ẹ wo etí fọ́tò náà lápá òsì, ẹ ó rí ìka arúgbó mẹ́rin lórí èjìká rẹ̀.

Ní báyìí, ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ bí àgbà. Ta ni nínú wa tí kò ní àmì lára níran rẹ̀? Àbàjà, pélé, gọ̀ǹbọ́, kẹ́kẹ́, túrè: ara baba àti ìyá wa ni gbogbo rẹ̀ ti wá. Àwọn àgbà Ẹ̀fọ̀n, àwọn aládùúgbò Ìkògòsì, wíwẹ́wẹ́ ni wọ́n máa ń bu tiwọn sẹ́rẹ̀kẹ́ nígbà kan, tí yóò sún mọ́ra títí yóò fi dàbí aṣọ dúdú kan tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ojú. Nígbà ogun àti oko ẹrú, ilà ni ẹni tí wọ́n kó lọ fi ń mọ ará ilé rẹ̀ lọ́nà jíjìn. Àwọn obìnrin ní kóló, wọ́n ní fínfín, wọ́n sì ní bùjé àti làálì tí kì í pẹ́ lára. Àwa tí a ń kọ èyí, pélé wà lójú wa. Lọ́jọ́ tí wọ́n gbé ọwọ́ lé wa lórí fún iṣẹ́ olùṣọ́-àgùntàn, kò sẹ́ni tó bi wá léèrè pé kí ló wà lẹ́rẹ̀kẹ́ yín. Alàgbà tó jáde nínú omi, àbàjà rẹ̀ dára ju pélé wa lọ.

Ó dá wa lóhùn lórí ìyẹn, ìdáhùn rẹ̀ sì lágbára, kò yẹ ká fi pamọ́. Ó ní: "Pásítọ̀, ìkókó ni wá nígbà tí wọ́n kọ wá nílà. A ò mọ nǹkan kan. Ọmọ yìí fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn lọ." Òótọ́ ni. Òfin ilẹ̀ wa gan-an ti rí i pé kò tọ́ láti ṣe é fún ẹni tí ò lè sọ̀rọ̀: òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé ti 2003, ní abala 24, ní kí ẹnikẹ́ni má fín ara ọmọdé, kó má sì kọ ọ́ nílà. Ṣùgbọ́n Màmá Ṣàó náà fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn lọ. Ogún ọdún ni Màmá ti ń gbàdúrà fún ọmọ Alàgbà.

Kì í ṣe àwa nìkan ni irú èyí ń bá jà. Ní Japan, ìsun omi gbígbóná pọ̀ bí kànga ṣe pọ̀ nílẹ̀ wa, ìwẹ̀ àjọwẹ̀ nínú rẹ̀ sì jẹ́ àṣà pàtàkì fún wọn. Ìhòòhò ni wọ́n fi ń wọ̀ ọ́, ọkùnrin lọ́tọ̀, obìnrin lọ́tọ̀. Láyé àtijọ́, wọ́n máa ń fi íńkì sàmì sí ọ̀daràn lára kí ayé lè dá a mọ̀. Ní 1872 ìjọba wọn fòfin de táátù, ọdún 1948 ni wọ́n tó ká òfin náà kúrò, ṣùgbọ́n nígbà yẹn, ara àwọn ẹgbẹ́ ọ̀daràn tí wọ́n ń pè ní yakuza ni àwọn ènìyàn ti mọ̀ ọ́n mọ́. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn ilé ìwẹ̀ ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́ sẹ́nu ọ̀nà pé onítáátù kò gbọdọ̀ wọlé. Nígbà tí àjọ ìjọba wọn tó ń rí sí ìrìn-àjò afẹ́ ṣe ìwádìí ní 2015, nǹkan bí 600 ilé ìwẹ̀ ló fèsì, ó sì lé ní ìdajì wọn tó ní àwọn kì í gbà wọ́n. Àwọn kan ti ń gbà wọ́n báyìí, pàápàá níbi tí àlejò òkèèrè pọ̀ sí, àwọn mìíràn á ní kí o fi nǹkan lẹ̀ ẹ́ pa kí o tó wọlé. Ní 2019 tí wọ́n gbàlejò ìdíje àgbáyé eré rugby, wọ́n ní kí àwọn eléré máa bo tiwọn níbi ìwẹ̀.

Èyí tó wọ̀ wá lára jù ni ti 2013. Obìnrin kan, ọmọ ìran Māori láti New Zealand, lọ sí ìpàdé lórí èdè ìbílẹ̀ ní Hokkaido. Ilà ìran rẹ̀ wà ní àgbọ̀n rẹ̀, bí àbàjà ṣe wà lẹ́rẹ̀kẹ́ tiwa. Ilé ìwẹ̀ kan ní kò lè wọlé. Ẹ rò ó wò: ká ní Alàgbà wa ló dé ibẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ṣé wọ́n á gbọ́ pé ìkókó ni wọ́n kọ ọ́ nílà?

Tiwa ní Nàìjíríà náà ní yakuza tirẹ̀. Bí ọlọ́pàá bá rí ọmọkùnrin tó ní táátù, "Yahoo" ló kọ́kọ́ máa wá sí i lẹ́nu, tàbí ẹgbẹ́ òkùnkùn. Ẹ rántí ohun tó mú àwọn ọmọ wa jáde sí títì ní Oṣù Kẹwàá 2020. Àwọn tí wọ́n ń dá dúró lọ́nà nítorí irun, nítorí fóònù, nítorí íńkì ara, wọn ò ṣe é kà. Àwa tí a ń gbé nítòsí yunifásítì mọ̀ pé ẹgbẹ́ òkùnkùn wà lóòótọ́, a ti bá wọn sin òkú ọmọ rí. Torí náà, ẹni tí ọkàn rẹ̀ kọ́kọ́ fò, a ò bá a wí. Ṣùgbọ́n ẹnu wà fún ìbéèrè. Ìbéèrè kan péré lẹ bá bi ọmọ yìí, ẹ ò bá ti gbọ́ orúkọ ìyá rẹ̀.

Ó wá ku Bíbélì, torí Lẹ́fítíkù 19:28 ni gbogbo yín ń fi ránṣẹ́ sí wa. A kà á. A sì máa sọ ohun tí ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó fi ránṣẹ́ ò sọ: ẹsẹ yẹn le ju bí ẹ ṣe rò lọ. Kì í ṣe táátù ọ̀ṣọ́ ló kọ́kọ́ mẹ́nu bà, nítorí òkú ni. Ohun tí ọmọ yìí sì ṣe, nítorí òkú ló ṣe é. A ò ní fi ọgbọ́n orí yẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Ọmọ náà gan-an mọ ẹsẹ yìí lórí, òun ló kọ́kọ́ kà á fún wa, ó ń sunkún.

Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ fi ẹsẹ 28 mú ènìyàn, kó ka ẹsẹ 27 tó ṣáájú rẹ̀ pẹ̀lú, èyí tó kan ẹni tó ń gé igun irùngbọ̀n rẹ̀. Kó sì ṣí Deuteronómì 14:1, níbi tó ti ní ká má fá irun nítorí òkú. Mélòó nínú wa ni kò fá irun rẹ̀ kodoro nígbà tí bàbá kú? Mélòó ni opó tí wọ́n fá lórí nínú ìdílé tiyín, tí ẹ sì jókòó jẹ ẹran níbẹ̀? Irun á hù padà, íńkì kì í hù padà. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ kò ju ìyẹn lọ.

Deuteronómì kan náà, ní orí 23, ní ìwẹ̀fà kò gbọdọ̀ wọ ìjọ Olúwa. Ẹ̀yin ọmọ Yorùbá, a mọ ìwẹ̀fà, Ọ̀yọ́ ní wọn láàfin nígbà kan. Ẹni tí wọ́n ti gé nǹkan kúrò lára rẹ̀ ni, kò sì sí bí ó ṣe lè padà. Nígbà tó yá, ní Ìṣe àwọn Àpọ́sítélì orí 8, ìwẹ̀fà ará Etiópíà kan ń bọ̀ láti Jerúsálẹ́mù nínú kẹ̀kẹ́ rẹ̀, ó rí omi lọ́nà, ó bi Fílípì pé kí ló kù tó lè dá òun dúró. Ẹ fojú inú wo Fílípì. Ó mọ òfin yẹn. Ó lè kà á fún un láìwo ìwé. Ohun tó ṣe ni pé ó bá a sọ̀ kalẹ̀ sínú omi, àwọn méjèèjì. Ìwé Isaiah, orí 56, ti ṣèlérí fún ìwẹ̀fà tẹ́lẹ̀ pé ààyè àti orúkọ wà fún un nínú ilé Ọlọ́run. Àwọn olùkọ́ wa nílé ẹ̀kọ́ Bíbélì máa ń sọ pé ó ṣeé ṣe kí ìwé tó wà lọ́wọ́ ọkùnrin yẹn dé ibẹ̀, torí Isaiah náà ló ń kà.

Kí lẹ wá fẹ́ kí a ní kí ọmọ náà ṣe? Kó lọ bó awọ rẹ̀? Àwọn ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń pa táátù rẹ́ wà, iná lésà ni, owó ńlá ni, ẹ̀ẹ̀kan kọ́ ni wọ́n ń ṣe é, ó sì lè fi àpá sílẹ̀. Ó ti sọ pé tí òun bá rówó lọ́jọ́ kan, òun máa pa kìnnìún yẹn rẹ́. Ti ẹ̀yìn, ó ní òun ò lè ṣèlérí. Àwa ò sì bi í mọ́.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ má wá sọ ọ̀rọ̀ wa di ìwé àṣẹ o. A ò ní kí ẹnikẹ́ni lọ ṣe táátù. Abẹ́rẹ́ tí wọn ò sè dáadáa ń kó àrùn jẹ̀dọ̀jẹ̀dọ̀ àti HIV ranni, àwọn tó ń ṣe é lẹ́bàá ọjà kì í pa abẹ́rẹ́ dà fún yín. Iṣẹ́ ológun kì í gba ẹni tó ní i lára. Ẹni ọdún 19 kì í mọ ohun tí ẹni ọdún 40 máa fẹ́ wọ̀. Bí ẹnì kan yín bá sì wà tí ọ̀fọ̀ ń dà láàmú, tí wọ́n ti kó gbogbo ẹrù òkú rẹ̀ lọ, ilé wa ṣí sílẹ̀. Ìyá ìjọ ní kí a kọ ọ́ síbí pé kí ó wá kó tó lọ bá oníbẹ́rẹ́.

Ní ti òfin tí wọ́n ní ká ṣe, a ò ní ṣe é. Ọ̀kan nínú àwọn àgbà méjèèjì ti gbà pẹ̀lú wa. Èkejì ò tíì gbà, ó ní òun ṣì ń gbàdúrà sí i, a bọ̀wọ̀ fún un, ìjókòó rẹ̀ nínú ìgbìmọ̀ ṣì wà níbi tó wà. Ohun tí a bi gbogbo ẹni tó bá fẹ́ ṣiṣẹ́ nínú ilé Ọlọ́run náà la bi arákùnrin yìí: ìgbàlà ńkọ́, ìrìbọmi ńkọ́, kíláàsì ọmọ ìjọ ńkọ́, ìwà ńkọ́ ní họ́sítẹ́ẹ̀lì. Ó ti yege. Ẹgbẹ́ ọ́ṣà ló wọ̀, ọjọ́ Ìsinmi àkọ́kọ́ nínú oṣù tó ń bọ̀ ló máa bẹ̀rẹ̀, lẹ́nu ọ̀nà tọ̀tún. Yúnífọ́ọ̀mù àwọn ọ́ṣà wa ọlọ́wọ́ péńpé ni, a ò sì ní rán ọlọ́wọ́ gígùn fún un lọ́tọ̀, àfi tó bá fúnra rẹ̀ béèrè.

Ìrìn-àjò kejì sí Ìkògòsì máa wáyé lẹ́yìn ìdánwò àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Bọ́ọ̀sì mẹ́ta la fẹ́ gbà lọ́tẹ̀ yìí. Ẹ lọ forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ akọ̀wé ìjọ. Kálukú kó mú tówẹ́ẹ̀lì tirẹ̀, torí tówẹ́ẹ̀lì mẹ́rin la wá níbi tí a ti lọ kẹ́yìn. Ẹni tó bá ní ẹ̀jẹ̀ ríru, kó kọ́kọ́ rí nọ́ọ̀sì wa kó tó sanwó. Màmá Ṣàó ti sanwó tirẹ̀, ó sì ti sanwó Alàgbà.